Àṣìṣe Epo Kí Bàálù Ọ̀nà Jíjìn Tó Gbéra: Ìbéèrè Àwọn Ará Ilé àti Ìdáhùn

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí n ṣírò epo tí bàálù máa gbé àti ọ̀nà tó máa gbà, kí àwọn awakọ̀ tó wọ inú rẹ̀. Dispatcher ni wọ́n ń pe irú wa. Tí mo bá wálé sí Kàbà lákòókò ọdún, tàbí tí mo bá bá wọn dé ibi òkú àgbà ní Ìsánlú, ìbéèrè kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà ń bèèrè, awakọ̀ gáréèjì ń bèèrè, olùkọ́ físíìsì náà ò gbẹ́yìn. Èyí tó ń wáyé jù ni mo kó jọ síbí. Ti owó tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mò ń dá iye lé e.

Ṣebí kí wọ́n kàn rọ táǹkì kún dẹ́nu, kí ọkàn kálukú balẹ̀?

Awakọ̀ kan ní gáréèjì Kàbà ló bi mí léyìí. Òun tó ń ná Èkó, inú ìlú ló ti máa ń rọ epo kún kó tó ṣí, torí kò fẹ́ kí epo tán mọ́ òun lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ọmùò láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ilé epo ò tíì ṣí. Fún bọ́ọ̀sì, ọgbọ́n ni. Fún bàálù, owó ló ń sọ nù, nígbà míì ó tún lè di ewu.

Ẹrù ni epo fúnra rẹ̀. Táǹkì Boeing 777-300ER ń gba lítà tó lé ní 181,000, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù 145. Tí wọ́n bá rọ gbogbo rẹ̀ kún, tí èrò àti ẹrù tún kún fọ́fọ́, bàálù náà ti wúwo ju ìwọ̀n tí wọ́n fún un láti fi gbéra. Ká tiẹ̀ ní ẹrù kéré tó sì gbéra, tó bá jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ló ń lọ, á débẹ̀ tán, epo á ṣì kún inú rẹ̀, á wá wúwo ju ìwọ̀n tí wọ́n fún un láti fi balẹ̀. Kí ni yóò ṣe? Kó máa yípo lókè títí epo á fi dín, tàbí kó da epo nù sójú òfúrufú. Epo tí wọ́n fowó rà!

Gbígbé epo tún ń jẹ epo. Nínú ìrìn wákàtí 10, tí ẹ bá fi tọ́ọ̀nù 1 kún epo tí ẹ nílò, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni yóò jóná lójú ọ̀nà torí pé ẹ gbé e. Ìdí nìyẹn tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ń wá iye tó tó, tí a kì í wá èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá fi epo púpọ̀ bo ìṣirò tí kò dá a lójú, kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ nìkan ló tù nínú.

Báwo lẹ ṣe ń pín epo ọ̀hún?

Ẹ jẹ́ ká mú Boeing 787 tó ń ti Èkó lọ Lọ́ńdọ̀nù, bíi wákàtí 6 ààbọ̀. Ká ní ó ń jẹ tọ́ọ̀nù 5 ààbọ̀ ní wákàtí kan. Ìrìn náà gan-an ti gba bíi tọ́ọ̀nù 36. Kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, epo díẹ̀ ti wà fún ìrìn orí ilẹ̀, láti ibi tí wọ́n ti ń kó èrò dé rọ́nwéè, ibi tí wọ́n ti ń sáré gbéra. Èyí kì í pọ̀, àmọ́ tí bàálù 20 bá tò síwájú yín, ó ń pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni epo àìròtẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n tí ICAO, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfúrufú lágbàáyé, fi lélẹ̀ ni ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún epo ìrìn náà. Nínú àpẹẹrẹ wa, kò tó tọ́ọ̀nù 2. Afẹ́fẹ́ tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n yí padà fún yín lójijì, gíga tí ẹ fẹ́ tí wọn ò fún yín: òun ni gbogbo wọn ń jẹ.

Epo tó máa gbé yín dé pápákọ̀ òfúrufú míì tún wà, tí èyí tí ẹ ń lọ bá ti sé mọ́ yín. Ìkẹyìn wá ni epo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí bàálù lè fi yípo ní gíga 1,500 ẹsẹ̀ bàtà lókè pápákọ̀ náà. Èmi ń pè é ní epo àìfọwọ́kàn. Ojoojúmọ́ ni bàálù ń balẹ̀ tí epo yìí ṣì wà nínú rẹ̀ pérépéré, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí awakọ̀ bá rí i pé òun máa balẹ̀ pẹ̀lú èyí tó dín sí i, òfin ní kó kéde pé wàhálà dé.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yìí mọ́ epo tí wọ́n lè ná. Ẹ óò gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, “A ṣì ní bíi wákàtí kan.” Rárá o. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ ní láti ná, ọgbọ̀n tó kù jẹ́ àìfọwọ́kàn.

Èyí tó kù, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Tí bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì bá máa gba orí Àtìláńtíìkì, a gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ inú bàálù tú jáde níbi tó jìnnà jù sí ilẹ̀, tó wá ní láti sọ̀ kalẹ̀ sí 10,000 ẹsẹ̀ bàtà. Bàálù ń jẹ epo gan-an nísàlẹ̀ níbẹ̀. Epo ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e dé pápákọ̀ kan tó ti lè balẹ̀.

Àṣìṣe wo lẹ rí pé ó burú jù?

Kí wọ́n wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú iye tí kò tọ̀nà kan náà, kí wọ́n wá ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Kánádà, torí kò sí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1983, bàálù Air Canada 143, Boeing 767, fẹ́ ti Montreal gba Ottawa lọ sí Edmonton. Ẹ̀rọ tó ń fi epo hàn nínú bàálù náà ti bàjẹ́, kò fi nǹkan kan hàn. Wọ́n wá ti ọ̀pá bọ táǹkì, wọ́n rí i pé lítà 7,682 ló wà níbẹ̀. Kílò 22,300 ni ìrìn náà ń fẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí: lítà ni ọ̀pá ń kà, kílò ni bàálù ń fẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ iye tí lítà kan wúwo. Bàálù 767 yẹn wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ náà rà tó ń lo kílò. Pọ́n-ùn ni àwọn tó kù ń lò. Ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń rọpo sọ 1.77. Pọ́n-ùn ni 1.77 yẹn, kì í ṣe kílò. Ní kílò, bíi 0.8 ni.

Ẹ gbé bírò, kí ẹ bá mi ṣe é. Wọ́n fi 1.77 sọ 7,682 di púpọ̀, wọ́n rí bíi 13,597, wọ́n rò pé kílò ni. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú 22,300, ó ku 8,703. Wọ́n tún fi 1.77 pín in, ó di lítà 4,917. Iye tí wọ́n rọ sí i nìyẹn. Iye tó yẹ kí wọ́n rọ lé ní lítà 20,000. Bàálù náà gbéra pẹ̀lú epo tí kò tó ìdajì ohun tó nílò, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ sì ń fi hàn pé gbogbo nǹkan dára, torí àwọn awakọ̀ ló fọwọ́ ara wọn tẹ 22,300 sí i.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Ottawa. Wọ́n balẹ̀ níbẹ̀, wọ́n tún ti ọ̀pá bọ táǹkì. Ọ̀pá ò parọ́. Wọ́n tún fi 1.77 ṣírò rẹ̀, ó bá ti àkọ́kọ́ mu, ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Báwo ni kò ṣe ní bá a mu?

Ní 41,000 ẹsẹ̀ bàtà ni ìkìlọ̀ epo ti bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì méjèèjì fi kú. Ọ̀gá awakọ̀, Robert Pearson, ti máa ń wa bàálù kékeré aláìlẹ́ńjìnnì fún ìgbádùn. Òun àti igbákejì rẹ̀, Maurice Quintal, gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí pápá àwọn ọmọ ogun òfúrufú àtijọ́ kan ní Gimli, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi mọ́tò díje lọ́jọ́ náà. Èèyàn 69 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó kú.

Tí ẹ bá bi mí ní ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, mo máa ní kí wọ́n wá ọ̀nà míì tí kò kan ti àkọ́kọ́ rárá. Ó yẹ kí ẹnì kan bèèrè pé, “Lítà mélòó ni irú bàálù yìí máa ń gbà fún irú ìrìn yìí?” Ẹni tó bá mọ̀ pé ó máa ń tó 28,000, tó wá rí 12,600, ẹ̀rù á bà á kó tó gbé ìṣirò kankan.

Lítà kan kì í ṣe lítà kan ni? Kí ló kan ooru níbẹ̀?

Olùkọ́ físíìsì kan láti Mọ̀pà ló béèrè, mo sì gbádùn ìbéèrè náà. Epo máa ń fẹ̀ tí ooru bá mú un. Ní 15 lórí ìwọ̀n Celsius, lítà kan epo bàálù tí wọ́n ń pè ní Jet A-1 lè wúwo tó kílò 0.80. Tí oòrùn ọ̀sán bá ti na epo náà dé 35, ó lè wálẹ̀ sí bíi 0.785. Lítà 100,000 tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 80 láàárọ̀ ti di tọ́ọ̀nù 78 ààbọ̀ nìyẹn. Lítà ni ẹni tó ń ta epo máa kọ sínú rìsíìtì, ẹ́ńjìnnì sì ń jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n ìwúwo. Ẹni tó bá kàn lo 0.80 lójoojúmọ́ torí ó rọrùn láti fi ṣírò, tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ lè sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́ láìmọ̀.

Ṣé ẹ̀lùbọ́ àti gàrí tí à ń dì fún àwọn ọmọ lè fa wàhálà epo?

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìbéèrè gidi ni. Tí bàálù bá wúwo ju bí a ṣe rò lọ, á jẹ epo ju bí a ṣe ṣírò lọ. Àpò tí ẹ fún wọn ní káńtà, wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin fúnra yín, wọn kì í wọ̀n yín. Iye kan ni wọ́n máa ń kà fún olúkúlùkù. Ní Yúróòpù, kílò 84 ni wọ́n ń ka àgbàlagbà sí, àpò ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Mo mọ bí àpò ọwọ́ wa ṣe máa ń rí. Kajú yíyan láti Ìjùmú, ẹ̀gúsí bíbó, oyin nínú ike, ata gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ nínú àpò tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ ju kílò 7 lọ, tí ẹni tó gbé e ń gbìyànjú láti má fi hàn lójú pé ó wúwo. Tí èèyàn 300 bá fi kílò 5 lé ohun tí a kà fún wọn, tọ́ọ̀nù 1 ààbọ̀ ni. Kò ní já bàálù bọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó kàn ń jẹ nínú epo àìròtẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ náà ṣì ń bọ̀ wá jẹ nínú rẹ̀.

Àṣìṣe tó ju èyí lọ ni kí wọ́n tẹ iye ìwúwo sínú kọ̀ǹpútà láìtọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2009 ní Melbourne, àwọn awakọ̀ Airbus A340 kan tó ń lọ Dubai tẹ 262.9 dípò 362.9. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, tọ́ọ̀nù 100. Bàálù náà fi ìrù gbolẹ̀ nígbà tó ń gbìyànjú láti gbéra, ó la rọ́nwéè kọjá kó tó gòkè. Gbogbo wọn yè é, wọ́n padà wá balẹ̀. Kì í ṣe epo ni wọ́n ń ṣírò lásìkò yẹn. Àmọ́ iye ìwúwo ni gbogbo ìṣirò wa dúró lé, tó fi mọ́ ti epo.

Kí ló dé tí lílọ sí Amẹ́ríkà fi ń pẹ́ ju bíbọ̀ lọ?

Afẹ́fẹ́ ni. Lókè lọ́hùn-ún, ní ọ̀nà àríwá, afẹ́fẹ́ líle máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Tí ẹ bá ń ti Èkó lọ Atlanta, ó ń kọjú ìjà sí yín. Tí ẹ bá ń bọ̀, ó ń tì yín lẹ́yìn.

Ibi tí àṣìṣe wà rèé. Ká ní ìrìn náà jẹ́ máìlì ojú omi 5,000, tí bàálù ń sá 480 nọ́ọ̀tì, ìyẹn máìlì ojú omi 480 ní wákàtí kan. A ti rí i kà pé afẹ́fẹ́ iwájú máa jẹ́ nọ́ọ̀tì 20, nítorí náà ó ku 460, á sì gba nǹkan bíi wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 52. Tí afẹ́fẹ́ bá wá jẹ́ 40 dípò 20, ó di wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 22. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e. Ẹ wo epo àìròtẹ́lẹ̀ wa, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún: fún irú ìrìn yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 33. Nọ́ọ̀tì 20 péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ tán, a ò sì tíì débì kan tí wọ́n ti máa ní kí ẹ yípo kẹ́ ẹ dúró de ààyè.

Ibùdó méjì ló ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ òkè fún gbogbo ọkọ̀ òfúrufú ayé, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan ní Washington. Iṣẹ́ wọn dára gan-an. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ẹnì kan ṣe ètò lọ́sàn-án, kí bàálù pẹ́ kó tó gbéra títí di òru, kí wọ́n wá lo ìwé ọ̀sán náà. Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ ní alẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ òmíràn jáde. Ó máa ń rẹ̀ mí láti sọ ọ́.

Tí ọyẹ́ bá bo Abújá, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ṣé wọn ò lè já wọn sí Ìlọrin?

Ìyá kan ní Ẹ̀gbẹ̀ ló bi mí, torí Ìlọrin ló sún mọ́ ọn jù. Ọmọ rẹ̀ ń ti òkèèrè bọ̀ ní oṣù Kìíní, ìyá sì ń wo bí ọyẹ́ ṣe bo òkè mọ́lẹ̀ tí kò rí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo pápákọ̀ tó bá ti ní rọ́nwéè la lè kọ sínú ìwé pé a máa yà sí. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwúwo irú bàálù bẹ́ẹ̀, kí àwọn panápaná ibẹ̀ tó o, kí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àkókò yẹn, kí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ibẹ̀ dára. Àtẹ̀gùn tí èrò máa fi sọ̀ kalẹ̀ àti epo tí wọ́n máa rà náà ṣe pàtàkì. Bàálù tó balẹ̀ síbi tí kò ti rí epo rà, ọjọ́ kan ni wọ́n máa lò níbẹ̀.

Àṣìṣe tí mo rí nínú ti ọyẹ́ ni kí wọ́n yan ibi ìyàsí tó wà lábẹ́ eruku kan náà. Láti apá Chad ni eruku yẹn ti ń fẹ́ bọ̀, àríwá ló máa ń kọ́kọ́ bá. Ẹni tó bá sọ pé, “Tí Abújá bá sé, a óò lọ Kánò,” nínú oṣù Kìíní, kó lọ wo Kánò dáadáa kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Èkó náà ní ti ẹ̀, kùrukùru máa ń bò ó láàárọ̀. Nígbà míì, Accra ló máa kù, Accra sì jìnnà ju Kánò lọ, epo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú táǹkì láti ibi tí wọ́n ti gbéra.

Ohun kan tún wà nípa Abújá: rọ́nwéè kan ṣoṣo ló fi ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ẹ rántí ọdún 2017, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, wọ́n tì í fún ọ̀sẹ̀ 6 kí wọ́n lè tún un ṣe, gbogbo èrò sì ń gba Kàdúná. Ìyẹn, wọ́n sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Tí táyà bàálù kékeré kan bá bẹ́ sí àárín rọ́nwéè náà lónìí, kò sí ẹni tó máa sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mi ò fẹ́ràn kí epo tó ń lọ Abújá jẹ́ èyí tó kàn tó gẹ́lẹ́, òfin ì báà gbà á.

Ṣé ẹnikẹ́ni lè mọ̀ọ́mọ̀ gbéra pẹ̀lú epo tí kò tó?

Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, bàálù LaMia 2933 gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Chapecoense ti Brazil láti Santa Cruz ní Bolivia lọ sí Medellín ní Colombia. Bàálù ọ̀nà kúkúrú ni, Avro RJ85, ìrìn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ibi tí gbogbo agbára rẹ̀ mọ. Nínú ìwé ètò ìrìn wọn, wọ́n kọ pé ìrìn náà máa gba wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 22. Níbi tí wọ́n ní kí wọ́n kọ bí epo wọn ṣe máa pẹ́ tó, wọ́n kọ wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 22.

Kò sí ti àìròtẹ́lẹ̀, kò sí ti ibi ìyàsí, kò sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òṣìṣẹ́ pápákọ̀ kan rí i, ó sì bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìtòsí Medellín, bàálù míì tó ní ìṣòro ń balẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n yípo. Wọn ò ní epo ìyípo. Nínú èèyàn 77, 71 ló kú.

Ojú ọjọ́ ò ṣe wọ́n, ẹ̀rọ ò ṣe wọ́n. Ìwé kan ṣoṣo ló tó láti fi dá wọn dúró, ó sì wà lọ́wọ́ ẹni tó rí àṣìṣe náà. Tí ẹ bá bi mí, ibi tí ètò ti já nìyẹn: ẹni tó rí i ò ní agbára láti sọ pé rárá.

Tí epo bá ń tán, ṣebí awakọ̀ máa pariwo ni?

Ẹ ò bá jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1990, Avianca 52, Boeing 707, ń ti Colombia lọ New York. Ojú ọjọ́ ò dára. Wọ́n dá wọn dúró lókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ lé ní wákàtí kan. Boston ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn máa yà sí, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń yípo, epo Boston ń jóná, ó dé ibi tí wọn ò lè dé Boston mọ́. Wọ́n sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú òfúrufú pé epo àwọn ń tán, pé kí wọ́n fún àwọn láàyè kíákíá. Wọn ò lo ọ̀rọ̀ tí òfin yà sọ́tọ̀ fún pàjáwìrì. Àwọn tó wà nílẹ̀ ń ṣe wọ́n bíi bàálù tó kù. Wọ́n gbìyànjú láti balẹ̀, kò bọ́ sí i, wọ́n ní kí wọ́n tún yípo wá. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú. Èèyàn 73 ló kú nínú 158.

Ìtìjú àti ọ̀wọ̀ àṣejù wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ ká sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa tó ń wọ iṣẹ́ náà. Ilé tí wọ́n ti kọ́ èèyàn pé kí ó máa fọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ fún àgbà, kí ó má ṣe pariwo, òun náà ni èmi ti wá. Nínú bàálù, ohun tí òfin fún wọn lónìí rọrùn: tí wọ́n bá rí i pé ìdádúró kékeré kan lè mú wọn wọnú epo àìfọwọ́kàn, kí wọ́n sọ “minimum fuel”. Tí wọ́n bá ti mọ̀ pé wọ́n máa balẹ̀ nínú rẹ̀, “Mayday, Mayday, Mayday, fuel”. Kò sí “ẹ jọ̀ọ́, sà” níbẹ̀.

Tí ìṣirò bá ti tọ́ nílẹ̀, ṣé ó ti parí?

Ó kù. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1978, United 173 dé Portland, ẹsẹ̀ bàálù kan ò já dáadáa. Wọ́n ń yípo fún bíi wákàtí kan láti wo ẹsẹ̀ náà. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá: epo tán pátápátá, èèyàn 10 kú. Ní oṣù Keje ọdún 2000, bàálù Airbus A310 ti iléeṣẹ́ Hapag-Lloyd kan gbéra ní erékùṣù Crete, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti wọlé, wọ́n sì ní àwọn máa gbé e bẹ́ẹ̀ lọ Jámánì. Kọ̀ǹpútà inú bàálù ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ṣì wà níta, ìṣirò tó ń ṣe nípa ibi tí epo máa gbé wọn dé kò sì bá òótọ́ mu. Ìtòsí Vienna ni epo ti tán, wọ́n balẹ̀ síwájú rọ́nwéè. Orí kó gbogbo wọn yọ.

Nítorí náà ni awakọ̀ ṣe máa ń kọ iye epo tó kù sílẹ̀ ní ibì kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, tó ń fi wé ti ìwé wa. Bí ó bá ń dín ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè jẹ́ jíjò, bíi ti Air Transat 236 ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, tí epo jò tán lórí Àtìláńtíìkì tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì kíkú balẹ̀ sí erékùṣù Azores, èèyàn 306, kò sí òkú kankan.

Epo bàálù náà máa ń wọ́n ní Nàìjíríà bíi ti mọ́tò?

Ó máa ń wọ́n. Ní 2016, ó burú débi pé àwọn iléeṣẹ́ òkèèrè kan ń yà sí Accra lọ rọpo. Láti rí epo gbà, àwọn míì máa ń gbé e láti ilé wọn wá, wọ́n á fi gbé ara wọn padà. Ẹ ti mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ. Ewu tó wà níbẹ̀ fún àwa tó ń ṣètò ni kí wọ́n sọ fún wa ní wákàtí tó kẹ́yìn pé ìdajì epo tí a béèrè ló wà. Ẹni tó bá ń kánjú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa dín kù nínú ìṣirò. Ẹrù ló yẹ kó dín kù, tàbí kí wọ́n ya síbì kan. Kì í ṣe epo ibi ìyàsí.

Ta ló ní àṣẹ ìkẹyìn, ẹ̀yin tàbí awakọ̀?

Ọ̀gá awakọ̀ ni. Èmi lè ní tọ́ọ̀nù 48, kí ó ní òun ń fẹ́ 50, mi ò sì lè dá a dúró. Ó sábà máa ń sọ ìdí, mo sì máa ń kọ́ nǹkan níbẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni iléeṣẹ́ tó bá ń lẹ orúkọ ẹni tó ń gbé epo púpọ̀ jù mọ́ ògiri. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ tó bá ń ṣàṣejù, ẹ má dójú tì í lójú ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ tó yẹ kó béèrè, kò ní béèrè mọ́.

Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn, kí ni mo lè ṣe?

Kò sí. Ẹ de bẹ́líìtì yín. Tí wọ́n bá ní ẹ máa yà sí Accra, ẹ má bá awakọ̀ jà.

Ọmọ mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀?

Kó gbájú mọ́ ìṣirò àti físíìsì ní sẹ́kọ́ńdìrì. NCAA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfúrufú ní Nàìjíríà, ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì dispatcher níbí, ìwọ̀n ICAO sì ni kí ẹni náà ti pé ọmọ ọdún 21. Ẹni tó bá tún ń ro wíwa bàálù tàbí títún un ṣe, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ wà ní Zaria, NCAT, láti 1964. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gbọ́dọ̀ já gaara. Kó sì ti mọ̀ pé iṣẹ́ òru ni: ọ̀pọ̀ bàálù tó ń ti Èkó lọ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, alẹ́ ni wọ́n ń gbéra.